Géèmù tó bàjẹ́ lọ́jọ́ tó jáde, tí wọ́n wá tún un ṣe lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan: ta ni wọ́n tún un ṣe fún?

OníGéèmù_Ajílósùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èkìtì kete, mo kí yín tọmọdé tàgbà.

Mo ní ilé géèmù kékeré kan ní Ajílósùn, níbí ní Adó. PS4 (ẹ̀rọ géèmù PlayStation ti Sony) mẹ́ta, PS5 tó jẹ́ tuntun ẹ̀ kan, jẹnẹrétọ̀ kan, àga oníke mẹ́jọ. Mo tún ń ta àwo géèmù, tuntun àti tòkùnbọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jà rànyìn nínú ṣọ́ọ̀bù láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i, torí owó wà nínú ẹ̀, oníbàárà sì wà nínú ẹ̀.

Ọmọ EKSU (yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì) kan ló dá a sílẹ̀. Ó ní kí n ra Cyberpunk 2077 sórí PS5, pé kò sí irú ẹ̀ mọ́ báyìí. Kó tó sọ̀rọ̀ tán ni bíríkìlà kan tó ti ń bá mi ná ọjà láti 2015 gbé páàdì kalẹ̀, ó ní ṣé géèmù tí wọ́n dá owó ẹ̀ padà fáwọn èèyàn káàkiri ayé yẹn? Òun ò ní fi náírà òun kan gbá a láéláé. Ariwo wọn pọ̀ débi pé àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí PS4 kejì dá eré wọn dúró láti gbọ́.

Lójú tèmi, kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Fún ẹni tí kò mọ ìtàn ẹ̀: CD Projekt Red, ilé iṣẹ́ kan ní Pólándì, sún ọjọ́ ìjáde géèmù yẹn síwájú lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jáde lọ́jọ́ 10 oṣù Kejìlá 2020. Àwọn oníròyìn tó máa ń yẹ géèmù wò, ti kọ̀ǹpútà ni wọ́n fún wọn ṣáájú. Ti PS4 àti Xbox One, ẹ̀rọ géèmù ti Microsoft, wọn ò jẹ́ kí wọ́n fojú kàn án. Ìgbà tó délé àwọn èèyàn ni àṣírí tú. Àwòrán ń ṣe bàìbàì, mọ́tò ń pòórá lójú títì, géèmù ń kú lójijì. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan péré ni Sony fi yọ ọ́ kúrò nínú PlayStation Store, ọjà géèmù wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ gbowó ẹ̀ wá gbà á. Oṣù Kẹfà 2021 ló tó padà síbẹ̀. Wọ́n wá jókòó tì í. Àtúnṣe 1.5 dé ní oṣù Kejì 2022. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, 2.0 dé pẹ̀lú Phantom Liberty, àfikún ìtàn géèmù náà, wọ́n sì yí bí ọlọ́pàá inú ẹ̀ ṣe ń léni padà pátápátá. Ẹni tó bá gbá a lónìí lórí PS5 máa gbádùn ẹ̀. Mo ti rí i lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó dára gan-an.

Ibi tó ń dùn mí nìyí. 2.0 yẹn kò dé orí PS4. 1.6 ni àtúnṣe ńlá ìkẹyìn tí wọ́n ṣe fún PS4 àti Xbox One. Ẹ bá mi rò ó wò. Orí PS4 ni ìyà ti pọ̀ jù ní 2020. Ìgbà tí oúnjẹ wá jinná tán, orí tábìlì ẹlòmíràn ni wọ́n gbé e sí.

Mi ò sọ ọ́ torí pé mo kórìíra àtúnṣe o. Géèmù tí mo fẹ́ràn jù láyé mi, irú ẹ̀ ni. Ní 2017 mo ra àwo No Man's Sky lọ́wọ́ ẹni tó ti sú, owó pọ́ọ́kú. Géèmù tí èèyàn ti ń fi ọkọ̀ òfuurufú lọ láti ayé kan sí òmíràn ni. Hello Games ló ṣe é, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Guildford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kó tó jáde ní oṣù Kẹjọ 2016, Sean Murray tó jẹ́ ọ̀gá wọn ti sọ oríṣiríṣi nípa ẹ̀, títí kan pé èèyàn lè pàdé ẹlòmíràn níbẹ̀ bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pàá, èèyàn méjì wá ara wọn dé orí ayé kan náà, wọ́n dúró sójú kan náà, ẹnìkan ò rí ẹnì kejì. Ìbínú sọ. Ilé iṣẹ́ náà sì dákẹ́ bí ẹni tó sùn. Àfi ìgbà tó di oṣù Kọkànlá tí àtúnṣe àkọ́kọ́ dé, tí èèyàn lè kọ́lé síbẹ̀. Ní oṣù Keje 2018 ni wọ́n wá gbé NEXT jáde, èèyàn sì wá ń rí èèyàn lóòótọ́. Láti ìgbà yẹn dòní, kọ́bọ̀ kan wọn ò gbà lórí àtúnṣe kankan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí NEXT yẹn ṣe dé ọ̀dọ̀ mi. Nẹ́tíwọ̀kì Ajílósùn nígbà yẹn ò lè gbé e. Mo fi ìró àǹkárá ìyàwó mi wé PS4, mo kó o sínú báàgì, mo gùn ọ̀kadà lọ sí yàrá ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìwòrókò, torí nẹ́tíwọ̀kì ibẹ̀ máa ń yá lóru. Aago mọ́kànlá la bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀, ó ti dé 71 nínú 100, iná lọ. Ọ̀rẹ́ mi jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ó fa jẹnẹrétọ̀ kékeré ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà kó tó dáhùn. Ilẹ̀ ti mọ́ kó tó parí. Mo gbé e délé, àbúrò mi jókòó tì í. Ayé tó kọ́kọ́ balẹ̀ sí, koríko ẹ̀ pupa fòò, àpáta ńlá kan sì dá dúró láàárín pápá, orí ẹ̀ rí róbótó. Ó pariwo, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Olósùnta rèé!" Àpáta ńlá Ìkéré ló ń sọ. Géèmù yẹn máa ń jẹ́ kéèyàn sọ ayé tó bá kọ́kọ́ dé lórúkọ, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀: Olósùnta. Ó kọ́ ilé sídìí àpáta yẹn, ó pe ilé ọ̀hún ní Ulé Ìyá. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ṣùgbọ́n àwo tí mo rà yẹn, tí mo bá yọ ọ́ nínú páálí ẹ̀ lónìí tí mo fi sínú PS4 tí kò rí íntánẹ́ẹ̀tì, géèmù 2016 náà ló máa jáde. Àtúnṣe ò sí lára àwo. Inú dátà ló wà.

Ìdí tó fi ká mi lára ni pé ní 2021 mo ta àwo PS4 kan fún ọmọ kan láti Ìlawẹ̀. Mi ò ní dárúkọ géèmù náà. Ẹni tó tà á fún mi ní gbogbo àtúnṣe ti wà nínú ẹ̀, mo gbà á gbọ́, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ náà. Ó padà wá lọ́jọ́ kẹta. Kò bínú, kò pariwo. Ó kàn na àwo náà sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ń bèèrè dátà, mi ò sì ní dátà tó tó bẹ́ẹ̀." Mo dá owó ẹ̀ padà lápò ara mi. Ojú ọmọ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Nítorí náà, tí àwọn èèyàn bá ní géèmù kan "ti dáa báyìí", ṣé ó dáa fún wa níbí? Ṣé kí n ra Cyberpunk yẹn? Ṣé ó sì yẹ kí n máa ta irú àwo bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń lọ sí Ìlawẹ̀, Ọ̀mùò tàbí Ẹfọ̀n?

Ọmọ_Ìkéré

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó. Inú mi dùn pé Olósùnta wa ti dé ojú ọ̀run.

Èmi wà lẹ́yìn bíríkìlà yẹn. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, tí wọ́n bá gún iyán tó ní kókó, wọn kì í gbé e síwájú àlejò kí wọ́n ní kó máa jẹ ẹ́ lọ, pé àwọn á máa yọ kókó ẹ̀ bó ṣe ń jẹ. Inú odó ni wọ́n ti ń yọ kókó. Àwọn wọ̀nyí ti gba owó oúnjẹ kí wọ́n tó wá odó.

Nígbà tó bá sì dáa tán, gbogbo ẹnu á máa yìn wọ́n. Ta ló ń rántí ẹni tó fi owó oṣù kan rà á lọ́jọ́ kìíní? Mi ò ní kí wọ́n má tún un ṣe o. Ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe, gbèsè ni wọ́n ń san. Ẹni tó ń san gbèsè, a kì í fún un ní àmì ẹ̀yẹ.

Ẹ má rà á.

Kóòdù_Ọ̀yẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. FUOYE (yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yẹ́) ni mo wà, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni mò ń kà. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ àwo yẹn ṣe ń rí, torí ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé.

Wọ́n ní láti tẹ àwo ṣáájú ọjọ́ ìjáde, kí ọkọ̀ lè kó o dé ṣọ́ọ̀bù káàkiri ayé. Ẹ̀dà tí wọ́n bá fi tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ń pè ní gold. Ní oṣù Kẹwàá 2020 ni CD Projekt Red kéde pé Cyberpunk ti di gold. Kò tó oṣù kan tí wọ́n tún sún ọjọ́ síwájú, láti ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá sí ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé àwọn fúnra wọn mọ̀ pé ohun tó wà lára àwo ò tíì tó, wọ́n fẹ́ fi ọjọ́ mọ́kànlélógún yẹn ṣe èyí tó máa gba orí íntánẹ́ẹ̀tì dé. Ẹni tó wà ní Warsaw, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni fún un. Ẹni tó wà ní Ọ̀yẹ́ ńkọ́?

PS4 náà sì ní tirẹ̀. 2013 ló jáde, hádíìsìkì inú ẹ̀, ibi tó ń kó géèmù pamọ́ sí, ò yára rárá. Ìlú inú Cyberpunk kún fún ilé àti èèyàn, géèmù náà gbọ́dọ̀ máa ka ohun tó wà níwájú yín kí ẹ tó dé ibẹ̀. Tí ẹ bá ń wa mọ́tò, ẹ máa ń dé ibẹ̀ kí hádíìsìkì tó kà á tán. Ìdí nìyẹn tí ògiri fi máa ń ṣe bàìbàì kó tó mọ́lẹ̀ kedere. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ tún ìyẹn ṣe tán lórí ẹ̀rọ yẹn. Wọn ò gbọdọ̀ tà á síbẹ̀ rárá ni.

Ọmọ Ìkéré, mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mi ò bá ọ dé ìdí ẹ̀. Ó ju mílíọ̀nù mẹ́tàlá ẹ̀dà lọ tí wọ́n tà kó tó di ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ àwọn tó gbowó wọn padà. Owó ti wọlé. Wọ́n lè sá lọ. Wo Anthem ti BioWare: ó jáde ní 2019, ó bàjẹ́, wọ́n ní àwọn máa tún un ṣe látòkèdélẹ̀, EA tó ni BioWare fi òpin sí àtúnṣe yẹn ní 2021, wọ́n sì kéde ní 2025 pé àwọn máa ti ilẹ̀kùn ẹ̀ pa ní oṣù Kìíní 2026. Orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ti ń gbá a, àwo ẹ̀ wá di ohun tí ò wúlò. Láàárín ẹni tó sá àti ẹni tó dúró ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta, èmi mọ ẹni tí màá kí.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ ti ń sọ géèmù olówó ńlá. Ẹ jẹ́ ká sọ bọ́ọ̀lù, torí òun ni gbogbo ọmọ Èkìtì ń gbá.

Ìgbà tí Konami, ilé iṣẹ́ kan ní Japan, pa orúkọ PES, géèmù bọ́ọ̀lù wọn, rẹ́ tí wọ́n gbé eFootball 2022 jáde ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2021, ṣé ẹ rántí? Ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án péré ló wà níbẹ̀, Master League, níbi tí èèyàn ti ń darí ẹgbẹ́ kan láti ọdún dé ọdún, ò sí, ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù sì rí bí ẹni tí kòkòrò oyin ta. Lórí Steam, ọjà géèmù kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí ìgbà náà tí wọ́n tíì bu ẹnu àtẹ́ lu géèmù kan tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni Konami tọrọ àforíjì. Oṣù Kẹrin 2022 ni àtúnṣe 1.0 tó dé.

Nínú ilé wa, ó pín wa sí méjì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ò kúrò lórí PES 2021 títí dòní. Ó ní bọ́ọ̀lù tí òun lè gbá láìsí dátà, tí ẹnikẹ́ni ò lè yí padà mọ́ òun lọ́wọ́, òun ni bọ́ọ̀lù. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ló máa ń gbé fíláàṣì wá láti Ifàkì, òun ló ń bá a fi aṣọ àti agbábọ́ọ̀lù tuntun sí i lọ́dọọdún. Èmi ní tèmi, orí fóònù ni mo ti ń gbá eFootball. Tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́ òru, tí wọ́ọ̀dù pa rọ́rọ́ láàárín aago méjì sí mẹ́ta, mo lè gbá ìdíje kan kí n tó lọ wo àwọn aláìsàn. Ó dáa báyìí. Ó dáa gidi. Bọ́ọ̀lù ń yí bí bọ́ọ̀lù.

Mo wá rí i pé àtúnṣe kan náà ni wọ́n ṣe fún àwa méjèèjì. Ó bá mi lórí fóònù mi, ẹ̀gbọ́n mi ò rí i. Kì í ṣe oríkunkun ló ń ṣe é o. Ó mọ iye tó ń wọlé fún un, ó mọ iye tó ń lọ sórí dátà.

Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù, ẹni tó bá wá ra àwo, ẹ bi í léèrè ibi tó ń gbé kí ẹ tó tà á fún un. Kò sí ohun tó burú nínú ẹ̀. Bí a ṣe ń bi aláìsàn léèrè kí a tó fún un lóògùn nìyẹn.

OníGéèmù_Ajílósùn

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Mi ò bi ọmọ Ìlawẹ̀ yẹn léèrè ohunkóhun. Mo kàn gbowó ni.

Kóòdù, o ṣeun tó o ṣàlàyé hádíìsìkì yẹn. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé ẹ̀ fún mi rí. Ọmọ Ìkéré, mo gbà pé gbèsè ni. Ohun tí mi ò tíì mọ̀ ni bí wọ́n ṣe lè san án fún ẹni tí wọ́n jẹ gbèsè ọ̀hún gan-an. Ṣé ẹnikẹ́ni ti ṣe é rí?

Ẹ̀gbọ́n_Ẹfọ̀n

Ẹ̀yin ọmọ, mo kí yín. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo ṣì ń gbá géèmù, àwọn ọmọ mi ló ń bá mi wá dátà.

Méjì wà tí mo mọ̀. Èyí àkọ́kọ́ kúrú. Ní oṣù Kẹjọ 2024 Sony gbé Concord jáde. Ẹnikẹ́ni ò yà síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, wọ́n pa á dé, wọ́n dá owó gbogbo ẹni tó rà á padà. Géèmù kú, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò jẹ gbèsè.

Èkejì ni Final Fantasy XIV ti Square Enix, géèmù tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Ó jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2010, ó bàjẹ́ kọjá sísọ. Wọ́n kọ́kọ́ dá gbígba owó oṣooṣù dúró, torí wọ́n ní ohun tó wà níbẹ̀ ò tó ohun tó yẹ káwọn èèyàn máa sanwó fún. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, wọ́n fa iṣẹ́ náà lé Naoki Yoshida lọ́wọ́. Ọ̀nà méjì ló gbà pọ̀: ó ń tún ti àtijọ́ ṣe fún àwọn tó wà nínú ẹ̀, ó sì ń kọ́ tuntun lábẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2012 ni wọ́n wá pa ayé àtijọ́ yẹn rẹ́ lójú gbogbo èèyàn. Òṣùpá kan ti ń súnmọ́lẹ̀ láti oṣù bíi mélòó kan, ẹni tó bá gbójú sókè á rí i pé ó ń tóbi sí i. Lálẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn, ó já lulẹ̀, dírágónì jáde nínú ẹ̀, gbogbo ayé jóná, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Oṣù Kẹjọ 2013 ni tuntun jáde, A Realm Reborn.

Wàyí o, àwọn tó ti dúró tì wọ́n nígbà tí nǹkan bàjẹ́, wọ́n dá wọn mọ̀. Wọ́n dín owó oṣooṣù wọn kù, wọ́n sì fi àmì sára ẹni inú géèmù tí wọ́n ń darí láti fi hàn pé ojú wọn ló ṣe. Ẹni tó bá pàdé wọn mọ̀ pé àwọn àgbà ibẹ̀ nìyẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ó ṣeé ṣe. Wọ́n kà wọ́n sí ẹni tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rántí. Ti PS4 tí o sọ yẹn, kò sẹ́ni tó rántí wọn nígbà tí 2.0 dé.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù rẹ, ra ti PS5 yẹn. Ẹni tó bá wá síbẹ̀, orí ẹ̀rọ rẹ ló ti máa gbá a, ìwọ lo máa ru ẹrù dátà. Àwo PS4 ni kí o má tà.

OníGéèmù_Ajílósùn

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀. Ìdáhùn tí mò ń wá nìyẹn.

Màá ra ti PS5. Màá dá ẹrù dátà ẹ̀ gbé. Cyberpunk ti PS4, mi ò ní tà á ní ṣọ́ọ̀bù mi. Gbogbo àwo yòókù, ìyàwó mi ti ń gé páálí báyìí, a fẹ́ máa lẹ ìwé mọ́ ọn lẹ́yìn, kí a kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà: "Èyí ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà" tàbí "Èyí ò pé láìsí dátà." Màá dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò fúnra mi, màá yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára PS4 kí n tó fi í síbẹ̀. Àwo mẹ́tàdínlógójì ni mo ní. Mo ti wo mẹ́rin lónìí. Méjì ò pé.

Bíríkìlà ní òun ò tíì gbà. Ṣùgbọ́n ó ní òun máa jókòó lẹ́yìn ọmọ EKSU yẹn lọ́jọ́ tó bá dé, kí òun fojú òun rí i.

Nẹ́tíwọ̀kì Ajílósùn ṣì ń ṣe ségesège. Ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ ti kó kúrò ní Ìwòrókò. Ṣé ẹnì kan wà lágbègbè EKSU tí mo lè gbé PS5 wá bá lóru Sátidé?

Kóòdù_Ọ̀yẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Ìwòrókò, mo ti bá a sọ ọ́. Ó ní kí ẹ máa bọ̀ lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án. Ẹ mú wáyà ìfàgùn dání, sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá ẹ̀ jìnnà sí fèrèsé tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń wọlé. Epo wà nínú jẹnẹrétọ̀.